Wọ́n Fi Èèrà Dán Omi Ọyàn Mi Wò

Ìwọ ìyá ọmọ tí o ń ka èyí, tí ara rẹ ò yá, tí wọ́n sì ti ń sọ fún ọ pé kí o gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fìdí kalẹ̀. Bí ọmọ bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, má gbé e kúrò. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó-Èkìtì, kíláàsì kejì ni mo ń kọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní alálàá nílé wa. Ìyá mi máa ń ní bí wọ́n bá rán mi lọ pọnmi, àwọsánmà ni mo máa ń rù bọ̀ wálé. Nítorí náà, bí ohun tí mo fẹ́ sọ bá ń dún bí àlá létí rẹ, má bínú. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ń kọ́lé níhìn-ín, wọ́n ń la títì lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò sun. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé onígbáméjì ti wọ ìlú, àrùn tó máa ń mú kí èèyàn máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ bí omi títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ó ti dé òpópónà kejì sí tiwa. Lẹ́yìn títì Adébáyọ̀ ni à ń gbé, èmi àti ọkọ mi tó ń ta ìwé àti bírò ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, pẹ̀lú Tèmitọ́pẹ́, àkọ́bí wa, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n ti wá bá mi tọ́jú ọmọ, Ìyá Ìgèdè sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ ni wọ́n, apá wọn le, ohùn wọn ga, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ náà débi pé bí ó bá sín nínú yàrá, àwọn ni wọ́n máa ń kí i láti ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan ṣoṣo ni a jọ ń fà. Níbi tí mo bímọ sí, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Ìyá Ìgèdè fi èyí ṣe ẹ̀rín títí.

"Urú ọ̀rọ̀ wo lèyí? Ọmọ á jẹun, kò ní mumi? Ọkọ rẹ tó ga tó igi yìí, àgbo ni mo fi rọ ọ́ dàgbà."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ó ní, "Mama, ẹ ṣeun, ẹ bá mi gbé e." Mo sì ń borí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ ra ẹ̀wà àti epo ní Ọjà Ọba. Oòrùn mú gan-an. Òùngbẹ ìyá ọlọ́mọ kì í ṣe òùngbẹ eré. Mo ra omi tútù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, mo fi eyín já a, mo mu ún tán lórí ìdúró, mo sì tún ra èkejì. Títí di òní n ò lè búra pé omi yẹn ni, nítorí kànga ilé wa náà ò mọ́ tó bí a ṣe rò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi kùn. Kò dùn mí rárá, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Mo ti rò pé àìsàn ńlá á kọ́kọ́ pariwo. Eléyìí kàn rọra wọlé bí àlejò tó mọ ọ̀nà.

Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta n ò lè dìde níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ń jáde lára mi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni èébì dé. Ìka ọwọ́ mi hunjọ bíi ti ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iṣan ẹsẹ̀ mi sì ń fà. Mo fẹ́ pe ọkọ mi, ẹnu mi ṣí, ohùn ò jáde. Ẹ̀rù bà mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rù yẹn gan-an kúrò, ara mi sì wá fúyẹ́. Mo ń wo ògiri ilé wa, mo rí i pé ó ń mí, ó ń wú, ó ń sọ̀, mo sì ń rò ó pé mo ti ń gbé inú ilé yìí láti ìgbà yìí, n ò mọ̀ pé ó ń mí.

Ọkọ mi gbé mi sí àárín òun àti ọlọ́kadà. Ọmọ wà lọ́wọ́ Ìyá Ìgèdè lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún ọmú, èmi sì ń lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba tí a lọ kún fọ́fọ́. Àwọn kan wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan wà lórí ẹní nílẹ̀, ìlà àwọn tó fẹ́ gba káàdì sì gùn dé ibi tí oòrùn wà. Wọ́n ní kí ọkọ mi lọ tò. Ọkọ mi kì í bá èèyàn jà, ó sì lọ tò lóòótọ́, ó di bàtà mi kan mú gírígírí lọ́wọ́, kò mọ̀ pé èkejì ti já bọ́ lọ́nà. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan ń kọjá, obìnrin kúkúrú kan tó wọ gíláàsì, Mama Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó rí i pé àyà aṣọ mi tutù. Omi ọyàn ló ń jò.

"Ìyá ọlọ́mọ nìyí," ó ní. "Ẹ gbé e wọlé ná, káàdì á bá a níbẹ̀."

Wọ́n ní kí ọkọ mi lọ ra omi dírípù ní ilé oògùn níta, nítorí ti inú ọsibítù ti tán. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn èyí kì í ṣe ohun tí ojú lásán rí. Mo wà lórí ọ̀kan nínú àwọn òkè Adó, ìlú wà nísàlẹ̀ mi, gbogbo páànù tó ti dípẹtà ń dán bí odò. Mo ń gbọ́ igbe Tọ́pẹ́ láti inú ilé kan, n ò mọ èwo. Mo ń ti orí òrùlé kan bọ́ sí òmíràn, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, kò sì rẹ̀ mí. Ní gbogbo ilé tí mo bá dé, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Wọn ò bínú sí mi, wọ́n á tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó dùn mọ́ mi láti jókòó. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí n ò fi jókòó.

Nínú àlá yẹn kan náà ni mo rí Ìyá Ìgèdè lórí mi. Wọ́n ń fún ọmú mi sínú ìdérí fúláàsì, wọ́n ṣí páálí ìṣáná kan, èèrà méjì já bọ́ láti inú rẹ̀. Ojú wọn sún mọ́ ìdérí yẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ṣíjú kúrò, wọ́n sì lọ. Mo rò pé àlá ni èyí náà.

Ọjọ́ kejì ni ojú mi wálẹ̀. Mo mọ orúkọ mi, mo mọ ibi tí mo wà, ọmú mi sì ti rọ̀ bí àpò òfìfo. Ojú fèrèsé ni Ìyá Ìgèdè dúró sí, nítorí wọn ò gba ẹni tó gbé ọmọ dání láyè láti wọlé nítorí àrùn náà. Mo béèrè ọmọ mi.

"Ó wà lẹ́yìn mi níhìn-ín, ó ń sùn. Ó ti mu àgbo rẹ̀."

"Mama, ẹ gbé e wá kí n fún un lọ́yàn."

Wọ́n mi orí. "Ìyàwó mi, ọyàn rẹ ti bàjẹ́. Àìsàn ti wọ̀ ọ́. Lánàá, nígbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ, mo wọlé fi èèrà dán an wò, méjèèjì ló kú."

Bí o bá jẹ́ ọmọ apá ibi tiwa, o mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ìyá bá ṣàìsàn, tàbí bí ọmọ rẹ̀ bá ń rù, àwọn àgbà á fún díẹ̀ nínú omi ọyàn rẹ̀ sínú àwo, wọ́n á sì ju èèrà sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, omi ọyàn dára. Bí ó bá kú, omi ọyàn ti korò nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ṣe é fún ìyá mi nígbà tí wọ́n bí mi. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é nítorí ìkà.

Ibi tí ojú ń tì mí nìyí, ṣùgbọ́n bí n ò bá sọ ọ́, kí ni mo ń kọ̀wé fún? Mo gbà. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo gbà láìjanpata. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láti orí ibùsùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mama, tí ẹ ò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa á." Mo tún padà sínú oorun mi, mo sì ń ronú pé mo ti ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́ méjì kọjá báyẹn. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, kò sì sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo. Ẹnì kan ní kí n mu omi ewé gúáfà. Ẹnì kan ní ọtí líle ló ń pa kòkòrò inú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé àdúrà, kí n máa sùn níbẹ̀. Ọkọ mi ń dá gbogbo wọn lóhùn pé "Ẹ ṣé, sà," kò sì ṣe ìkankan. Mo bú u nígbà náà pé kò ní ìpinnu. Mo ti tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ní ọ̀sán, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìgèdè ló ń ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ìgbẹ́ omi rẹ̀ sì ti mú kí ẹ̀yìn aṣọ wọn tutù rinrin. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì. Mo rí ojú ọmọ mi. Ó ti wọnú. Àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn wọlẹ̀. Ó ń sunkún, kò sí omijé. Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí i.

Mama Nọ́ọ̀sì dé. Ó ń fọwọ́ kan ikùn ọmọ bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ni ọmọ yìí ń mu, Mama?"

"Àgbo. Àti omi ọ̀gì díẹ̀. Mo ń fọwọ́ rọ ọ́ ni, kò fẹ́ mu ún."

"Ṣé ẹ se àgbo yẹn?"

"Àgbo tútù ni. Mo rẹ ẹ́ sínú omi kànga."

"Ọmú ńkọ́?"

"Ọmú ti bàjẹ́. Èèrà kú sí unú rẹ̀."

Mama Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní omi kànga yẹn ni àrùn náà ń bá rìn, kì í bá omi ọyàn rìn. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìgèdè gbá ọmọ mọ́ àyà, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn lọ sọ́nà ilẹ̀kùn.

"Láéláé! Ukú tí mo fi ojú mi méjèèjì rí, kí n tún gbé ọmọ ọmọ mi sí i? Ẹ kọ́kọ́ pa mí. À ń lọ ulé. Ìgèdè là ń lọ lónìí yìí."

Ìgò àgbo wà lọ́wọ́ wọn kejì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, n ò ní rí ọmọ mi mọ́. Ìmọ̀ yẹn ló jí mi. Gbogbo òkè àti òrùlé tí mo ti ń fò kiri láti ọjọ́ Àìkú, ó tán pátá, mo sì wà nínú yàrá kan tó ń rùn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lápá. Ẹnu kí n bẹ̀bẹ̀ ni mo yà, ṣùgbọ́n ohun tó jáde jẹ́ ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ. Ẹ fi èèrà sínú àgbo yẹn náà."

Wọ́n dúró. Olóòótọ́ èèyàn ni ìyá ọkọ mi, gbogbo Ìgèdè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, wọn ò lè fò ó. Èèrà ń tò lọ lábẹ́ ibùsùn mi níbi tí ṣúgà dà sí. Wọ́n da àgbo díẹ̀ sínú ìdérí fúláàsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú èèrà kan, wọ́n sọ ọ́ sí i. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi. Wọ́n da àgbo yẹn nù, wọ́n bu omi mímu tí Mama Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbé wá, wọ́n mú èèrà mìíràn. Òun náà kú.

"Mama," ni Mama Nọ́ọ̀sì sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀, "èèrà ni, kì í ṣe ẹja. Ohun tó bá ti jinlẹ̀ jù ú lọ, á kú sí i."

Ìyá Ìgèdè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi eékún wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, wọ́n na ọmọ náà sí mi. "Ìyàwó mi, gbà á," ni wọ́n ní. Wọn ò lè gbójú sókè wò mí.

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni ó parí sí. Ọmọ gbá ọmú mú, ó fà á, kò sí nǹkan kan. Ó yí orí dànù, ó figbe ta. Omi ọyàn mi ti lọ. Mo sọ fún Mama Nọ́ọ̀sì pé ó ti pẹ́ jù. Ó ní kò pẹ́ jù, pé ẹnu ọmọ ló ń pe omi ọyàn padà, kò sí oògùn kan tó jù ú lọ. Ó ní kí n máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi omi híhó ṣe, kí wọ́n máa fi ṣíbí fún ọmọ náà nínú rẹ̀, kí n sì máa gbé e sí ọmú ní gbogbo ìgbà, bó rí nǹkan, bí kò rí.

Ìgbà yẹn ni mo mọ irú èèyàn tí Ọlọ́run fi ṣe ìyá ọkọ mi. Wọn ò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi mọ́. Wọ́n ń se omi kó tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ fi fẹ́ bó. Wọ́n ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra ọmú mi. Bí ọwọ́ mi bá rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń di orí ọmọ mú sí i. Ẹni tó tún gbé ewé gúáfà wá, Ìyá Ìgèdè lé e dé ẹnu géètì. Èmi ń sùn, mo ń jí, ọmọ ń fa ọmú òfìfo, ó ń sunkún, ó ń fà á. N ò mọ èwo ni àárọ̀, n ò mọ èwo ni ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdé ni òjò dé. Ó ń lu páànù wọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo èèyàn sì dákẹ́. Mo ti ń lọ sínú oorun nígbà tí mo gbọ́ ohun kan. Ọmọ mi ń gbé nǹkan mì. Kì í ṣe òjò. Glù, ó sinmi, glù. Àyà mi gbóná, ọmú kejì tí kò sí ní ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìró mi. Mo fọwọ́ kan Ìyá Ìgèdè tí wọ́n ń tòògbé, mo nawọ́ sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n bo ẹnu wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún. Inú mi dùn dé ibi tí n ò mọ ohun tí mo lè fi wé.

Nítorí náà gbọ́ mi. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọ, tètè lọ sí ọsibítù, má dúró de ìrora. Se omi tí o bá fẹ́ mu. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó gbé ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ, bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè kí o tó gbà. Má sì ṣe bí mo ti ṣe, má dúpẹ́ kí o tó béèrè. Bí omi ọyàn bá lọ, pè é padà. Wá ẹni tí á bá ọ di orí ọmọ mú.

Ara mi ti yá báyìí, ó ti lé lọ́dún kan. Iṣan ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fà nígbà ọyẹ́, ó sì tètè máa ń rẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Tọ́pẹ́ ti ń rìn, ó ń sáré, ó ti fọ́ fúláàsì méjì. Kò tíì fẹ́ já lẹ́nu ọmú, n ò sì fi ipá mú un.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Ìgèdè ní Ìgèdè, wọ́n sì pè wá síwájú. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti tò ó lọ́kàn, mo ti pinnu pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí n tó ya ẹnu, Ìyá Ìgèdè bọ́ sí iwájú mi. Wọn ò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n nà sí wọn.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Ọmọ yìí fẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe ayé ló ṣe é. Kì í ṣe ọ̀tá. Èmi ni. Èmi ni mo gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀, mo ní ọyàn ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́, mo rọ ọ́ ní omi tó fẹ́ pa á. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó wà níbí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ìyàwó yín bá ṣàìsàn, òun ni kí ẹ tọ́jú, ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò sí ẹni tó ké alelúyà. Mo gbọ́ bí èèyàn kan ṣe ń fọn imú lẹ́yìn. Ìyá Ìgèdè yípadà, wọ́n gbé Tọ́pẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ lórí àga iwájú níbi tí wọ́n ní kí n jókòó.

"Fún un," ni wọ́n ní. "Níwájú gbogbo wọn. Kí wọ́n rí i."

Mo tú bọ́tìnnì mi, mo fún un, ó sì mu títí ó fi yó.